Gìtá Dúró

Kábà, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, 1993.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìdánrawò dé ni mo ń kọ èyí.

Láti ọjọ́ tí iná ti gbé Dúró, onígìtá wa, lórí ìtàgé ní Ìsánlú, tó sì kú pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́, ni ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì wa ti túká. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá. Èmi ni mo kọ orin tuntun tí a fẹ́ fi padà dé. Mi ò mọ̀ pé gìtá yẹn gan-an ni màá ta sí i.

Mọjí, opó rẹ̀, ló gbé e wá bá wa níbi ìdánrawò lónìí, ó sì kí mi bí a ṣe ń kíni ní Kábà:

"Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi ta á. Mo fẹ́ tún gbọ́ ohùn gìtá yìí."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kí onílù wa yẹ wáyà iná gìtá náà wò. Kò fi mí ṣẹ̀sín.

Bí mo ṣe fọwọ́ kan okùn rẹ̀, gìtá náà ké, Mọjí sì bú sẹ́kún. Mo ta orin tuntun náà dé òpin, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbọ́ orin ara mi.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, iwájú èrò ni màá ti ta á. Mo ti ní màá lọ. Mi ò tíì lè sọ fún ìyàwó mi pé gìtá tó wà lọ́wọ́ Dúró nígbà tó kú ni màá ta.