Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Wọ́n Ní Ó Ṣì Wà ní Jámánì

Olóòtú ètò wa, okun o, bí àwa ará ibí ṣe máa ń kíni. Kábà ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ìbítóyè, ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Jámánì tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó á wo ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù òun tán, wọ́n á wá lọ rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ọjà ṣe kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn, ló bá padà wálé.

Láti oṣù márùn-ún ni ìyá wa ti fi í pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, nítorí ìtìjú. Bí àlejò bá béèrè rẹ̀, wọ́n á ní ó wà ní Jámánì. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbọ́ wọn láti inú yàrá náà.

Bàbá wa ti kú báyìí. Sátidé la máa sin wọ́n. Ìyá wa ní kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà.

Lánàá ó bi mí pé, "Àbúrò, ṣé mi ò ní bu yẹ̀pẹ̀ sí bàbá mi ni?"

Ìyá wa ní bí mo bá jẹ́ kó jáde, kí n má pe òun ní ìyá mọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe?