Orúkọ Tí Hàlímọ̀tù Kì í Pè

Àtìní, ọjọ́ kẹta oṣù Rájábù

Mo ní kí Alfa Gàní máa bá mi kọ ọ́. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, àgbẹ̀ ni mí, n kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń kọ ọ̀rọ̀ Hàlímọ̀tù ìyàwó mi sínú ìwé, kí wọ́n kọ tèmi náà. Gàní ti búra pé òun kò ní í kà á fún ẹnikẹ́ni. Kéwú ló fi ń kọ ọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ọmọ Èkó yẹn kò lè kà á.

Ọmọ Èkó — ó ní orúkọ, n kò ní í pè é. Ojú-Dígí ni mò ń pè é, nítorí dígí tó gbé sójú. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé e dé Ìlọrin, kẹ̀kẹ́ ló gùn dé abúlé wa. Ó ti kàwé tán lókè òkun, wọ́n tún ní kó lọ kà sí i. Ẹni tó jẹun yó, tó tún ń lá abọ́. Ohun tó ń kà báyìí ni àwọn eré Garba. Garba, ọmọ Gàmbàrí, tó máa ń ṣe eré kiri àwọn abúlé lẹ́yìn ìkórè kí Òyìnbó tó dé. Ó ti kú tipẹ́, a ò sì jáwọ́ nínú eré rẹ̀. Ojú-Dígí fẹ́ gbọ́ gbogbo wọn. Ó tún fẹ́ mọ irú ayé tí a ń jẹ nígbà tí Garba ń ṣe wọ́n.

Mo tẹ́ ẹní fún un. Mo sọ títí ọ̀fun mi gbẹ. Ó wá béèrè ta ló ṣì wà láyé nínú àwọn tó ń gbe orin. Èmi náà, ẹnu ara mi, mo ní Hàlímọ̀tù wà nínú ẹlẹ́gbè kí n tó fẹ́ ẹ.

Ó dìde lórí ẹní mi. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá a.

Àlàrùbá, ọjọ́ karùn-ún

Ó tún wá. Kò bá mi jókòó.

Jímọ̀, ọjọ́ keje

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi láàárín àgbàlá, Hàlímọ̀tù ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ojú-Dígí béèrè ọdún tí wọ́n ṣe eré àgbẹ̀ tó bá òjò jà. Hàlímọ̀tù ní ọdún tí eéṣú jẹ ọkà bàbà wa tán ni, tí òjò sì tún kọ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín fi pa gbogbo agbo: olúkúlùkù ti bá ojú ọ̀run jà kó tó kúrò nílé. Ojú-Dígí ń kọ, ó ń kọ. Ni Hàlímọ̀tù bá dìde, ó gbé ọmọrogùn sókè bí ọkọ́, ó ń halẹ̀ mọ́ òjò. Arúgbó! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. N kò mọ̀ pé irú ẹ̀rín yẹn ṣì wà nínú ilé mi.

Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo tún kọjá. Mo ní mò ń wá ọkọ́ mi.

Hàlímọ̀tù ní, "Bàbá Àsmá'ù, ọkọ́ wà léjìká yín."

Àwọn méjèèjì ló jọ rẹ́rìn-ín.

Àlàádì, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo rí nǹkan kan. Hàlímọ̀tù kì í pe Garba lórúkọ. "Onílé eré." "Ọkùnrin yẹn." Ojú-Dígí ń pe Garba, Garba, bí ẹni ń pe ewúrẹ́ wálé — Hàlímọ̀tù, rárá.

Ẹni tí obìnrin kì í pe orúkọ rẹ̀ níbí, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọ ilé mi, kò pe Sàlíhù, orúkọ mi, rí. Olóko ni mò ń jẹ́ títí ó fi bí Àsmá'ù, mo wá di Bàbá Àsmá'ù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń jẹ́ Sàlíhù bíi tèmi, Orúkọ-Baálé ló ń pè é.

Ọkọ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Kí wá ni ti Garba?

Gàní ní bóyá ó ti gbàgbé orúkọ náà. Ẹni tó rántí gbogbo orin, tó rántí gbogbo ẹsẹ̀ ijó! Mo ní kó máa kọ, kó dákẹ́.

Àtàláátà, ọjọ́ kọkànlá

Mo dán Hàlímọ̀tù wò. Ẹlẹ́ran wa ní ọjà Ìpàta, Garba lòun náà ń jẹ́. Mo béèrè ọwọ́ ẹni tó ti ra ẹran inú ọbẹ̀.

"Ọwọ́ Onírùngbọ̀n."

Mo ní ṣé Onírùngbọ̀n kò lórúkọ ni.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá Àsmá'ù. Ẹ jẹ ẹran yín."

Láti ìgbà tí a ti ń ra ẹran lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, Onírùngbọ̀n ni Hàlímọ̀tù ń pè é. Ó sì ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ tipẹ́! N kò ronú kàn án rí. N kò jẹ ẹran náà.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo bi í lójúkojú. Kí ni Garba jẹ́ sí ọ? Ó ní òkú ni, kí n fi òkú sílẹ̀. Mo ní kó pe orúkọ rẹ̀, n ó fi í sílẹ̀. Ó wò mí.

"Ẹ ti dàgbà ju owú lọ."

Ta ló sọ fún un? Wàláì, owú kì í wo ewú orí. Kí n máa jowú ọmọ Èkó, kí n tún máa jowú egungun inú sàréè. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni méjèèjì ń jó mi.

Mo ní kí Ojú-Dígí má wọ ọgbà mi mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní eré kan ṣoṣo ló kù, Ìyàwó Tó Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà. Garba kú kí wọ́n tó ṣe é lágbo, Hàlímọ̀tù nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sọ ọ́, eré náà yóò bá a lọ. Mo ní kó bá a lọ.

Mo kó lọ sí ahéré oko.

Àtìní, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Iṣu sísun. Ọyẹ́ mú. Kò ránṣẹ́ sí mi.

Àlàmísì, ogúnjọ́

Ìyá Sàfúrátù wá bá mi lóko, ẹ̀gbọ́n Hàlímọ̀tù. Kò tilẹ̀ kí mi kú iṣẹ́. Ó ní orí mi le ju òkè Sóbí lọ. Ó ní bí òun kò bá sọ ọ́, ahéré ni wọn yóò ti wá gbé òkú mi.

Ó sọ ọ́. Wọ́n ti so yìgì Hàlímọ̀tù àti Garba. Bàbá wọn gbà, àwọn alfa ṣe àdúrà. Garba kú kí wọ́n tó gbé ìyàwó lọ sílé rẹ̀. Wọ́n fi yìgì náà pamọ́, kí ọmọ wọn má bàa di opó lẹ́nu ayé.

"Ìgbà tí o wá tọrọ rẹ̀, tí a ní kó o ní sùúrù, pé ó ń hun aṣọ — tàkàbá ló ń ṣe, ó ń ṣọ̀fọ̀ Garba."

Mo rántí aṣọ yẹn. Mo bi Hàlímọ̀tù nígbà kan pé aṣọ tó hun pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ dà. Ó ní ikán ti jẹ ẹ́.

Kò tíì dé ilé ọkùnrin náà rí. Síbẹ̀ ó ń pa orúkọ rẹ̀ mọ́ lábẹ́ ahọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọ̀la ni ọkọ̀ ojú irin Ojú-Dígí. Mo wálé. Mo ránṣẹ́ pè é. Ìyá Sàfúrátù náà jókòó. Mo dúró láàárín wọn, mo ní kí Hàlímọ̀tù sọ eré náà. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ pe ẹni tó ṣe é lórúkọ, kí etí mi gbọ́. Ọkọ méjì kò lè gbé abẹ́ ahọ́n kan.

Ojú-Dígí ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti mọ orúkọ rẹ̀." Mo ní kó pa ẹnu mọ́.

Hàlímọ̀tù tún ìró rẹ̀ ró. Ó wò mí.

"Sàlíhù."

Ìyá Sàfúrátù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Sàlíhù, jókòó."

Mo jókòó.

Ó sọ eré náà. Ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ. Omi tí wọn yóò fi ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú igbá, kò sí ẹni tó dà á. Ó kí ìyá ọkọ, ó kí àwọn ìyálé ilé, ó kí ewúrẹ́ pàápàá. Wọn kò dáhùn. Ó dúró títí omi fi gbẹ nínú igbá. Ohùn tó fi kọ orin ibẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí nínú ilé yìí. Ojú-Dígí yọ dígí, ó nu ojú.

Ó wá béèrè ẹni tí òun máa kọ pé ó ni ín.

"Ẹ bi Sàlíhù."

Èmi ni mo pè é. Mo ní, "Garba." Ó kọ ọ́.

Lẹ́yìn àlàásárì Hàlímọ̀tù gbé oúnjẹ wá fún mi bó ṣe máa ń gbé e. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Kò bínú. "Sàlíhù, oúnjẹ rèé."

Gàní ní òun kò fẹ́ kọ èyí. Mo ní kó kọ ọ́. Orúkọ kan ṣoṣo ló kù tí Hàlímọ̀tù kì í pè.

Kì í ṣe tèmi.