Marena Méjì Nínú Ilé Kan

Gorna Bresta,
Ọjọ́ Àìkú Ìdáríjì.

Elitsa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ọ̀fìnkìn tó ń dà ọ́ láàmú ní Sofia ti lọ? Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá ọ pẹ̀lú ara líle àti ọkàn tó balẹ̀ ju tèmi lọ. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí nínú òtútù yìí, ṣùgbọ́n mo ń rìn. Mo pè ọ́ lórí fóònù títí ọwọ́ fi ń ro mí, o kò gbé e, n kò sì bá ọ wí. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù. Rusi awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni yóò mú un bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, pẹ̀lú ìgò ata yíyan méjì àti halva díẹ̀, ohun dídùn tí o fẹ́ràn.

Òní ni ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń lọ kúnlẹ̀ fún àgbà. Láti ìgbà tí o ti mọ̀ ọ́n rìn, o kò pa á jẹ rí. Kódà lọ́dún tí yìnyín dí ọ̀nà, ẹsẹ̀ lo fi rìn wá láti títì ńlá, o dé pẹ̀lú ọsàn kan nínú àpò, o fi ẹnu ko ọwọ́ mi, o ní, "Màmá, dárí jì mí," mo ní, "Ọlọ́run ti dárí jì ọ́," a sì jẹun. Lónìí mo gbé àga rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Mo fi okùn so halva rọ̀ láti àjà bí àṣà òní, bí ẹni pé ọmọ kékeré kan wà nílé tí yóò máa fi ẹnu lé e kiri. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ṣì ń rọ̀ níbẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ rí. Mo ń jowú rẹ. Lọ́jọ́ tí o pè mí pé ìwọ ni wọ́n mú nínú fíìmù mi tí wọ́n fẹ́ tún ṣe, ẹkún ayọ̀ ni ò ń sun. O ní, "Màmá, èmi ni! Èmi ni Marena!" Mo ní, "Ó dáa," mo ní ọbẹ̀ mi ń jó. Ọbẹ̀ kankan kò sí lórí iná. Mo lọ dúró níwájú dígí, mo ń wá Marena níbẹ̀, arúgbó kan ló ń wò mí. Ọjọ́ náà ni ọmọ tí mo bí di orogún mi.

Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni ìlú yìí ti ń pè mí ní Marena. Èmi ni obìnrin tó dúró létí kànga de ọkọ tí kò padà wá, tó dúró títí irun rẹ̀ fi funfun. Àwọn ìyàwó tuntun ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí kànga wa, níbi tí a ti ya fíìmù náà, èmi ni mo ń bu omi àkọ́kọ́ sí wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn fíìmù yẹn, ta ló tún fún mi níṣẹ́ gidi? Wọ́n fi mí ṣe ìyá arúgbó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi mí ṣe nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Marena nìkan ni mo ní. Ìgbà tí ìròyìn rẹ wá dé ìlú, Genka tó ń ta búrẹ́dì rí mi, ó ní, "Ìyá Elitsa, ẹ kú oríire o!" Ìyá Elitsa! Orúkọ tí gbogbo abiyamọ ń fi yangàn, àfi bíi pé ó gbá mi létí.

O ti sọ fún mi ní àṣírí pé nínú tuntun yìí Marena kò ní dúró, pé yóò da garawa dé, yóò sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀, níwájú èèyàn mẹ́fà tó tò láti ra búrẹ́dì, mo ní, "Oríire wo? Wọ́n ti ta Marena. Ó máa fi kànga sílẹ̀, á tẹ̀lé ọkùnrin mìíràn lọ, ọmọ mi ló sì gbà láti ṣe é." Irọ́ ni ti ọkùnrin mìíràn yẹn. O kò dárúkọ ọkùnrin kankan fún mi. Ẹyin lohùn, wọ́n ní. Èmi ò jẹ́ kó bọ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ jù ú mọ́lẹ̀ ni.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìwé ìfẹ̀hónúhàn ti jáde pé kí wọ́n má fi fíìmù náà hàn nílùú yìí. Irinwó èèyàn ó lé ló fọwọ́ sí i. Orúkọ ta ló wà lókè pátápátá? O kà á nínú ìwé ìròyìn kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Èmi kò fi sídìí ẹlòmíràn o; ńṣe ni mo já a ní ìdí ọmọ mi.

O rántí ìpàdé tí a ṣe ní gbọ̀ngàn ìlú. Penko onígbàjámọ̀ ló ń pariwo jù: "Marena kì í lọ! Ìyá mi kọ́ mi pé Marena kì í lọ!" Tíṣà Asparuh nìkan ló fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó ní, "Ohun tí mo gbọ́ nípa fíìmù yìí, mo kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wò ó, kí n lè kórìíra rẹ̀ dáadáa. Nígbà ọ̀dọ́ mi, àwọn kan ló ń bá wa yan ohun tí a ó wò àti ohun tí a ó sọ. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni, àbí ẹ ń ṣàárò wọn?" Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jókòó jàre, ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n!" Ó ní, "Ẹsẹ̀ ló ń gbọ̀n, kì í ṣe ẹnu."

Ìwọ náà dìde, o ní, "Ẹ wò ó ná, kí ẹ tó bú mi." Ìgbà náà lo wò mí. Èmi ni alága gbọ̀ngàn, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi; ká ní mo la ẹnu ni, wọn ì bá fi í hàn. Bàtà mi ni mo ń wò. A dìbò, a ti ilẹ̀kùn mọ́ fíìmù rẹ. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ẹnì kan ti fi ọ̀dà dúdú kọ "Ọ̀dàlẹ̀" sójú rẹ lára pósítà létí kànga. O wọ bọ́ọ̀sì, o kò dágbére fún mi.

Láàárọ̀ yìí, Penko ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú. "Màmá Marena, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo kọ ìkọkúkọ sójú Elitsa. Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀." Àṣà wa kò fún àgbà láyè láti dákẹ́ lọ́jọ́ òní. Mo ní, "Ọlọ́run ti dárí jì ọ́." Genka tẹ̀lé e, ó ń sunkún, òun ló gbé ọ̀rọ̀ mi káàkiri. Ìyàwó olórí ìlú tẹ̀lé òun náà. Ẹni méje, Elitsa, ló wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lórí iná tí èmi fúnra mi dá, mo sì ń dárí jì wọ́n bí ẹni mímọ́! Nígbà tó kan ẹni keje, n kò lè dárúkọ Ọlọ́run sí i mọ́. Mo kàn fọwọ́ kàn án lórí.

Tíṣà Asparuh dàgbà jù mí lọ, nítorí náà èmi ló yẹ kí n lọ bá a. Mo mú ọsàn, mo lọ. N kò tíì la ẹnu tán tó fi ní, "Zdravka, gbé ọsàn rẹ. Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Ṣé o tiẹ̀ ti wò ó?" Mo ní rárá, ẹ̀dà fíìmù tí o fi ránṣẹ́ sí mi wà lábẹ́ aṣọ nínú dúrọ́ọ̀, n kò tú u. Ó ní, "Àgbàyà." Ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú mi, ó ní o ti fi tòun ránṣẹ́ sí òun láti oṣù tó kọjá.

Àṣìṣe ni mo ń wá. Mo ní wàá sunkún jù. O kò sunkún. Mo ní o kò ní mọ okùn kànga fà. Bí mo ṣe kọ́ ọ lo ṣe fà á. O mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n má lè sẹ́ ẹ lọ́la. Ó sì dùn mí wọra, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ó wá dé ìparí. Marena da garawa dé, ó nu ọwọ́, ó gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ, òun nìkan. Ìgbà náà ni mo rántí. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọ́, à ń yan ata lẹ́yìnkùlé, o bi mí pé, "Màmá, kí ló dé tí Marena ò kúkú lọ?" Mo ní, "Mo bẹ olùdarí kó jẹ́ kí n lọ. Mo sunkún níwájú rẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá òkè ò ní gbà, pé obìnrin rere máa ń dúró ni." Èmi ti gbàgbé. Ìwọ kò gbàgbé. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré ń kọjá, ìlà kan dá dúró lójú fíìmù: "Fún Zdravka, tó fẹ́ lọ." Ohun tí mo sunkún fún lo gbà fún mi, òun ni mo sì kó irinwó èèyàn jọ láti tì mọ́ta.

Nígbà tí mo ń bọ̀ nílé, mo yà sí ìsọ̀ búrẹ́dì. Àwọn èèyàn tò. Mo sọ ọ́ níbi tí mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́: pé kò sí ọkùnrin kankan, pé irọ́ ni mo pa, pé owú ọmọ mi ló ń jẹ mí. Genka ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá." Penko dé fìlà rẹ̀, ó jáde, bóyá ó fẹ́ gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ padà. Mo ti pe ìpàdé mìíràn fún Ọjọ́rú, èmi ni n ó sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, n ó gbé kọ̀ǹpútà Tíṣà lọ sétí kànga. Ẹni tó bá fẹ́ bú ọ, kó wò ó tán ná.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nílẹ̀ wa, ọmọ ló ń bẹ̀bẹ̀ lónìí, àgbà ló ń dáhùn. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti òkè wá sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ, orúnkún ò orúnkún, mo ní: Elitsa, dárí jì mí. Má kánjú dáhùn. Má sì fi Ọlọ́run dá mi lóhùn bí a ti ń ṣe. Tìrẹ ni mo fẹ́ gbọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o tún rí alátakò tó bí ọ lọ́mọ. Ibi tí wọ́n ti kọ ìkọkúkọ sójú rẹ, ibẹ̀ ni wọn yóò ti yìn ọ́. Ọ̀nà tí o bá gbà yóò là, adùn ni yóò sì gbẹ̀yìn ewúro rẹ. Wàá jù mí lọ, kódà bí mo bá ń fapá jánú.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń jowú rẹ, tó sì fẹ́ràn rẹ ju owú náà lọ,
Zdravka.

Àfikún: Ìyàwó tuntun kan láti ìlú Ruse kọ̀wé sí mi pé òun ń bọ̀ wá sí kànga lóṣù karùn-ún, pé òun fẹ́ kí Marena bu omi sí òun lọ́wọ́. Mo dá a lóhùn pé kó kọ̀wé sí Marena ní Sofia, mo sì fún un ní àdírẹ́sì rẹ. Ó tó wákàtí kan kí ọwọ́ mi tó gbà láti kọ ọ́.