Mi Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Da Àrọ̀ Yín Sódò Ògùn

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Ẹ kú ìsinmi. A ti ṣe fìdáù yín, ilé wa ní Ìjẹmọ̀ sì kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn yín nínú àdúà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi: èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n da ẹja yín sódò.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Bí a bá ti kó àrọ̀ ńlá tán nínú póńdù wa ní Ìtórí, ẹ ó kó àwọn kéékèèké sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ ó ṣe bísímílà, ẹ ó tú wọn sódò Ògùn. Ẹ gbà pé sàráà ni, pé odò ló kọ́kọ́ fún wa lẹ́ja, ó sì yẹ ká dá tirẹ̀ padà. Ẹ máa ń ká ṣòkòtò dé orúnkún, ẹ ó máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sin ọmọ lọ sílé ọkọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. DNA ẹja là ń yẹ̀ wò, ohun tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá. Mo gé díẹ̀ létí ìrù àwọn tiyín, mo gé ti odò, mo fi wọ́n wéra. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, Bàbá. Àrọ̀ òyìnbó ni tiyín. Áfíríkà níbí ni àwọn baba ńlá wọn ti lọ; òyìnbó ṣà wọ́n lẹ́ṣà kí wọ́n lè tètè tóbi, kó tó tà wọ́n padà fún wa. Bí wọ́n bá bá ti odò bímọ, ojúlówó ń pòórá nìyẹn. Àrọ̀ ló dé odò Íńdíà àti Brasil, tó ń jẹ ẹja onílé. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ti àrọ̀, ẹnu ló gbé wá.

Bùọ̀dá Múfú, àkọ́bí yín, ti kó kẹ́ẹ̀gì ẹja sínú ọkọ̀ láti lọ ṣe sàráà yẹn fún yín lódò, nígbà tí mo lọ dúró síwájú ọkọ̀ náà.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ Bàbá ní sàráà ni?"

Mi ò kúrò níwájú ọkọ̀. Wọ́n pè mí ní olóríkunkun, mo gbà. Mo ṣáà din gbogbo ẹja náà, mo fi ṣe sàráà yín kárí àdúgbò.

Ṣé inú ń bí yín? Ẹ jẹ́ kó máa bí yín. Bùọ̀dá Múfú kàn ń pariwo ni. Ẹ̀yin ì bá jókòó, ẹ ì bá ní kí n tún un ṣàlàyé, ẹ ì bá sì bá mi jiyàn títí oúnjẹ á fi tutù. Bí wọ́n bá tún gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́dún tó ń bọ̀, màá tún dúró síwájú ọkọ̀. Ó kàn wù mí kó jẹ́ ẹ̀yin ni mò ń bá jà.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí àárò yín ń sọ, tí kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.