Ẹ̀fọn Tó Ní Ṣọ́jà Nínú Ẹ̀jẹ̀

Mùtíàt Àbẹ̀ní, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọlọ́hun á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Àlàáfíà ni a wà lábúlé níbí, bàbá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí ìbejì, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Alasan, ọmọ abúlé wa tó fẹ́ lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Barra, ló máa mú un wá bá ọ ní Jollof Town níbi tí o ń gbé.

O ṣáà sọ lórí fóònù lọ́jọ́sí pé ẹ̀fọn lẹ̀ ń sìn níbi iṣẹ́ yín, pé ẹ̀ ń fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ tó ní aran tó ń fa jàbùtẹ̀ mu kí ẹ lè mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Àṣé ṣọ́jà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn! O ní bí aran bá ti wọlé, wọ́n á yí i ká, wọ́n á wé nǹkan dúdú mọ́ ọn lára títí á fi kú. Ẹ̀fọn tí kò tó èékánná! Mo wo ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tí jàbùtẹ̀ ti sọ di odó, mo ní ọ̀nà àbáyọ dé.

Ni mo bá tú nẹ́ẹ̀tì tí o rà fún wa, mo fi bo tòmátì kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. Tí a bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, màá ká ìró sókè, màá na ẹsẹ̀ síta, màá máa bẹ àwọn ẹ̀fọn pé kí wọ́n fi ṣọ́jà díẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ ní orí mi ti dàrú. Ajaratou aládùúgbò wa kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó gbé àpótí wá, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà, ó ní òun ò ní aran o, àmọ́ ṣọ́jà kì í pọ̀ jù lára èèyàn.

Àfi ìgbà tí o tún pè lánàá, tí o ní ẹ̀fọn kì í yá ẹnikẹ́ni ní ṣọ́jà, ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣọ́, àti pé èyí tí ṣọ́jà tirẹ̀ bá sùn ló ń kó aran wá bá èèyàn. Yéè! Èmi àti Ajaratou dìde lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀ ló kù ká fa ilẹ̀kùn ya bí a ṣe ń sá wọlé. Nẹ́ẹ̀tì ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

O ní kí n wá kí dókítà wo ẹsẹ̀ náà, owó orí fóònù sì tán kí n tó dáhùn. Mò ń bọ̀ ní Jímọ̀. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ àti owó bàtà, bàtà méjì o, ńlá kan, kékeré kan, torí kò sí oníbàtà tó máa ta ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo fún mi.

Ẹ̀rín ni mò ń rín o, Àbẹ̀ní, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Wọ́n ní wọ́n máa ń gé ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sá láti ọjọ́ yìí wá. Ọlọ́hun á fún ìwọ náà ní ọmọ tó máa dúró tì ọ́. Wá dúró dè mí ní èbúté, kí o di ọwọ́ mi mú. Jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ bọ́ àwọn ẹ̀fọn lọ́jọ́ náà, èmi ni kí o tọ́jú.

Ìyá rẹ.