Mélòó Ni Àwọn Tó Ń Lo Línúsì ní Emùré?

                                                            Agbo Ilé Olókè,
                                                            Lẹ́yìn Ọjà,
                                                            Emùré-Èkìtì,
                                                            Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
                                                            Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Doyinsọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tí mi ò lè fi ṣe pàṣípààrọ̀,

Báwo ni Ìbàdàn? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́, ṣé ó ti lọlẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́? Ìwọ fúnra rẹ, ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun lásìkò, àbí iṣẹ́ aṣọ rírán yẹn ṣì ń fi ebi pa ọ́ di ìrọ̀lẹ́? Mo ní kí n kọ́kọ́ béèrè gbogbo ìyẹn kí o má baà sọ pé ọkọ ti gba ọpọlọ mi. Ó kúkú ti gbà á. Oṣù méjì péré ni mo dé ilé ọkọ, ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya mí lẹ́nu. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá yíjú wò bóyá lóòótọ́ ni Akínwùmí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó máa ń wà níbẹ̀. Ó máa ń han-an-run bí ẹ̀rọ ata. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí pé ẹ̀rín ò ní jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí tán. Fara balẹ̀ kà á.

O mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí káńsù. Bí ẹnì kan bá gbé èyí tó ti gbó tó ń fà bí ìgbín wá, Línúsì ló máa ń fi sí i. Ètò tó ń darí gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ni Línúsì, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá gbà á lè dà á kọ fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ á dà á kọ fún àna, kò sì sẹ́ni tó máa bi wọ́n ní orúkọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ iye àwọn tó ń lò ó. Ọkọ mi ní títí dé òkè òkun pàápàá, ńṣe ni wọ́n ń fojú bù ú, tí kálukú ń sọ iye tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní oṣù tó kọjá, Àǹtí Monísọ́lá, olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo Línúsì lágbègbè wa níbí, sọ pé àwọn rí kọ̀ǹpútà àlòkù gbà, àwọn sì fẹ́ fi dá ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ìlú kan ṣoṣo ló máa kàn. Ọkọ mi ní kó jẹ́ Emùré. Bọ̀dá Fáníyì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Ìkẹ́rẹ́, ní ọ̀dọ̀ òun ni kó wá, pé ta ló ń lo nǹkan ọ̀fẹ́ ní Emùré? Àǹtí Monísọ́lá wá là á mọ́lẹ̀: bí Akínwùmí bá lè fi hàn pé àwọn tó ń lò ó nílùú wa tó àádọ́ta, tiwa ni. Bí wọn ò bá tó bẹ́ẹ̀, Ìkẹ́rẹ́ ló ń lọ, ọkọ mi á sì kó tẹ̀ lé e láti lọ máa kọ́ wọn.

O lè ní èwo ló kàn mí níbẹ̀. Doyin, ilé Bọ̀dá Fáníyì la máa gbé! Wọ́n ti ní pálọ̀ àwọn fẹ̀, pé a lè fi kọ́tìnì pín in sí méjì. Kọ́tìnì! Èmi ìyàwó ọ̀ṣìngín, kí n sùn lẹ́yìn kọ́tìnì, kí Bọ̀dá Fáníyì máa wúkọ́ ní òdì kejì? Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ajàfẹ́tọ̀ọ́ Línúsì, èmi tó jẹ́ pé àwòrán ìgbéyàwó wa nìkan ni mo ń fi kọ̀ǹpútà wò.

Adìẹ Màámi, ìyá ọkọ mi, ni Akínwùmí fi ṣàlàyé bí a ṣe máa ṣe é. Ó ní bí a kò bá mọ iye adìẹ tó wà lágbo ilé, ká mú ogún lónìí, ká so òwú pupa mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ká tú wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ká tún mú ogún. Bí ìdajì àwọn tí a mú lẹ́ẹ̀kejì bá ní òwú, a jẹ́ pé ìdajì gbogbo adìẹ la ti so òwú fún, ogójì ni wọ́n. Bó bá jẹ́ pé méjì péré ló ní òwú, adìẹ ń bẹ nílẹ̀ nìyẹn, wọ́n á tó igba.

Mo ní, “Ta ló máa wá so òwú mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ káńsù lẹ́sẹ̀?”

Ó ní orúkọ ni òwú. Òun á wá àwọn tirẹ̀, èmi á wá tèmi, a ò sì ní sọ fún ara wa títí a ó fi ṣe tán.

Doyin, mo gun ọ̀kadà kiri bí ẹni tó ń du ipò alága káńsù. Mo dé ilé ẹ̀kọ́, mo dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ yàrá kan bọ́ sí òmíràn nínú agbo ilé wa. Mo rí méjìdínlógún, ọkọ mi rí ogún. Lọ́sàn-án Sátidé a jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, òun ń dárúkọ, èmi ń dárúkọ. Tí tiwa bá pàdé, a ó fi hóró àgbàdo kan sílẹ̀. Hóró méjì péré ló wà níbẹ̀ nígbà tí a parí, ti tíṣà kan àti ti onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi ṣírò rẹ̀, ó fò sókè. Ọgọ́sàn-án! Ó gbé mi, ó ń fi mí yí po, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá fáànù.

Àwọn àlejò dé láti Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Gbogbo agbo ilé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àǹtí Monísọ́lá ní ká tún orúkọ náà pè kí òun gbọ́. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀: Ọmọ́bọ́lá, Joshua, Ìmọ́lẹ̀olúwa, ó ń bá a lọ. Ó kàn mí, mo gbé tèmi kalẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga: Ìdílẹ̀kẹ̀, Akọ̀wé, Eyínfúnjowó, Adúmáadán.

Màámi tó ń bẹ iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ́bọ́lá, àbúrò ọkọ mi, tó ń gbé omi fún àlejò, dúró gbagidi.

“Ìyàwó wa, ta lo rò pé ò ń pè ní Ìdílẹ̀kẹ̀ láti ọjọ́ yìí?”

Yéè! O mọ̀ pé kò tọ́ kí ìyàwó pe ẹni tó bá nílé ọkọ ní orúkọ àbísọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Èmi ti sọ gbogbo wọn lórúkọ aládùn, ó sì dùn mọ́ mi lẹ́nu débi pé orúkọ wọn gan-an kò dúró sí mi lórí. Ọkọ mi ò sì mọ ohun tí mo ń pè wọ́n, ṣọ́ọ̀bù ló ń wà látàárọ̀. Joshua ni Akọ̀wé! Ìmọ́lẹ̀olúwa ni Eyínfúnjowó! Bí wọ́n ṣe ń tú wọn fó ni Màámi ń ju hóró àgbàdo sílẹ̀, tó ń fi apá nu omijé ẹ̀rín. Méjì di mẹ́sàn-án. Ọgọ́sàn-án wó lulẹ̀, ó di ogójì.

“Akínwùmí,” Bọ̀dá Fáníyì ní, “ṣé adìẹ kan náà lo so òwú mọ́ lẹ́sẹ̀ méjèèjì ni?” Wọ́n kọjú sí mi. “Ìyàwó, má banú jẹ́. Mo ti ra kọ́tìnì náà. Ó wà nínú mọ́tò. Olódòdó ni.”

Mo wo ọkọ mi, orí rẹ̀ ti wọlé sí èjìká. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Bọ̀dá Fáníyì ò wá mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dákẹ́ sí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe ìṣirò náà dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà ní àwọn yàn wá jẹ. Wọ́n fa lápútọ́ọ̀pù wọn yọ nínú báàgì, wọ́n tàn án. Èmi wà lẹ́yìn wọn, mo ń bu omi fún wọn. Doyin, àwòrán tó yọ lójú ẹ̀rọ yẹn, òun náà ló máa ń yọ lára ti ọkọ mi bí mo bá gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un! Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ kú oríire o! Ẹ̀yin náà ń lo Línúsì!”

Wọ́n fẹ́ pa á dé, Àǹtí Monísọ́lá ti di etí ẹ̀rọ náà mú. “Fáníyì! Ìwọ? Láti ìgbà wo?”

“Ó ti tó ọdún méjì,” wọ́n ní, ohùn wọn ti di ti ọmọ ilé-ìwé. “Ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Tí àwọn oníbàárà mi bá mọ̀, wọ́n á ní mi ò rówó ra ojúlówó.”

Àǹtí Monísọ́lá wò yí ká. “Ta ló tún ń tijú níbí?”

 Bàbá Ọbáfẹ́mi, aládùúgbò wa, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ẹnu ara wọn sọ fún mi pé ojúlówó ni ọmọ àwọn rà fún àwọn láti Èkó, pé kì í ṣe Línúsì, wúkọ́, wọ́n nawọ́. Dáraọlá ti káńsù, tó wá bẹ̀ wá wò, wo ilẹ̀, òun náà nawọ́. Bẹ́ẹ̀ mo bi í lójú ọ̀sán gangan, ó ní rárá!

Àǹtí Monísọ́lá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ogójì yẹn jẹ́ iye àwọn tó lè jẹ́wọ́ bí a bá bi wọ́n. Ẹni tó bá purọ́ fún ọkọ, tó tún purọ́ fún ìyàwó, kò sí òwú tó máa kàn án. “Bí mo bá rí méjì lára wọn lójú kan, láìwá wọn, ìlú ńkọ́? Ó pé àádọ́ta. Ó tilẹ̀ lé. Emùré ló gbà á.”

 Akínwùmí kàn ń fọwọ́ pa orí. Màámi ní ká wá jẹ iyán nílé àwọn, kí Fáníyì gún un.

Wọ́n gún un o! Mo sì fún wọn ní orúkọ níbi tí wọ́n ti ń làágùn, torí ẹ̀rù wọn ni ò jẹ́ kí n ti sọ wọ́n lórúkọ tẹ́lẹ̀. Ẹni-A-Kà-Gbẹ̀yìn ni mò ń pè wọ́n. Wọ́n ń jẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe ń wọ mọ́tò lọ, mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo ní kọ́tìnì yẹn kò gbọdọ̀ ṣòfò, kí wọ́n gbé e fún mi.

Ojú fèrèsé yàrá wa ló wà báyìí. Ó nípọn, òdòdó rẹ̀ pọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè rí wa láti ìta.

Bá mi kí Màmá, kí o bá mi fi ìpara ra ẹsẹ̀ wọn. Kí Adéyínká àti gbogbo ẹgbẹ́ wa tó wà níbẹ̀ yẹn, sọ fún wọn pé ara mi ń dán. Tètè fèsì, má jẹ́ kí n wá ọ wá sí Ìbàdàn.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni, ìyàwó ilé tó ní kọ́tìnì olódòdó,

Tèmilọlá.