Orin Méjì Lójú Kásẹ́ẹ̀tì Kan: Sí Mel Gilrane, Lẹ́yìn Ọdún Méje

Mel, ọdún méje pé lónìí tí o ti fi wá sílẹ̀. Fadá pe orúkọ rẹ ní Mísà àárọ̀. Òjò ń rọ̀ bí ó ti rọ̀ lọ́jọ́ tí a sin ọ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo rántí wọ bàtà òjò.

Nǹkan ti yí padà. Òrùlé ilé màlúù tí o fi ọdún mẹ́ta sọ pé o máa ṣe, a ti ṣe é. Dympna ọmọ rẹ ti fi Dublin sílẹ̀, ó ti padà wá sí Leitrim, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì nítòsí wa. Òun ló ń fi òróró pa fèrè rẹ lóṣooṣù kí igi rẹ̀ má baà là. Ó ń fọn ọ́n pẹ̀lú, bí ìwọ gan-an, tèémí tèémí, títí èjìká rẹ̀ á fi máa mì. Mo ti gbà fún Ọlọ́run.

Ìjà wa nìyẹn láti ọdún 1968 tí o ti mú mi wá láti Galway. Nílé bàbá mi, fífà ni wọ́n ń fa orin, ohùn fèrè á máa ṣàn bí odò tí kò kánjú. Ẹ̀yin ará ibí, bí ẹni tí ajá ń lé lẹ ṣe ń fọn tiyín. Mo máa ń sọ fún ọ pé, "Mel, ṣé fèrè lò ń fọn ni, àbí ẹwìrì lò ń fín?"

Ìwọ náà kì í jẹ́ kó balẹ̀. "Cepta, orin ará Galway dáa o. Àmọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níbi ìgbéyàwó, ibi ìsìnkú ni wọ́n á ti parí ẹ̀."

Hughie Bohan ọ̀rẹ́ rẹ, tó ń ta fayolíìnì, á wá dá sí i: "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kó máa fín in jàre. Ṣebí òun náà ló ń jẹ́ kí yàrá móoru."

Mel, ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí.

Ọdún 1990 ni wọ́n ti ibi ìwakùsà èédú tí o ti ń ṣiṣẹ́ pa, ọjọ́ Ẹtì ni. O gbé agolo oúnjẹ rẹ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sì kúrò níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ọ̀dùnkún àti bọ́tà la jẹ títí òtútù ọdún náà fi lọ, ẹran di ti ọjọ́ Àìkú nìkan. Nígbà náà lo jókòó ti iná, o fi rẹ́kọ́dà Dympna gba orin rẹ sílẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì kan gbáko. Ẹyọ kan ṣoṣo náà la ní.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kejì, wọ́n ní bàbá kan láti abúlé wa ní Galway yóò fọn fèrè lórí rédíò. Mo wá kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, n kò rí. Mo mú tìrẹ. Mo mọ̀ pé tìrẹ ni, Mel. Mo ní ṣebí Mel wà níbí, yóò tún òmíràn fọn lọ́la. Nígbà tí bàbá náà fi parí, orin rẹ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, àkọ́kọ́. Tirẹ̀ ti bo gbogbo ìyókù.

Ọ̀la yẹn kò dé. Kí Àjíǹde tó pé, ikọ́ ti mú ọ. Eruku èédú ti jókòó sí ọ láyà, dókítà ní kí o gbé fèrè sílẹ̀. O lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sí i láyé, o kò sì fọn orin kan parí mọ́. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sínú àpótí, n kò sì ṣí àpótí náà mọ́. Bí àlejò bá béèrè bóyá a ní orin rẹ kankan nílẹ̀, o máa ń ní, "Ẹ fìyẹn sílẹ̀. Ẹ bá mi bi Cepta bóyá tíì ti jinná." Inú ilé ìdáná ni mo ti máa ń nu ojú mi.

Lọ́dún yìí, Dympna tú àpótí náà. Kí n tó mọ̀, ó ti kọ́ orin méjèèjì: tìrẹ, lẹ́yìn náà èyí tí bàbá Galway kọ́kọ́ fọn, láìdúró láàárín, bí ẹni pé a bí wọn pọ̀. Ó gbé e lọ sí ilé ọtí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ní báyìí gbogbo àdúgbò ló ń fọn ọ́n bẹ́ẹ̀.

Hughie bi í níṣojú mi: "Dympna, ta ló ní kó o so méjì yìí pọ̀? Ọ̀kan ń sáré, èkejì ń rìn gbẹ̀rẹ̀."

"Bàbá mi ni. Bó ṣe wà lórí kásẹ́ẹ̀tì wọn nìyẹn."

N kò lè gbójú sókè. Nígbà tí a délé, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó lọ mú kásẹ́ẹ̀tì náà wá.

"Màmá, ẹ wò ó. Ta ló ṣẹ́ eyín ẹ̀?"

Eyín kéékèèké méjì tó máa ń wà lórí kásẹ́ẹ̀tì ló ń wí, èyí tí a ń ṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan mìíràn lé e lórí mọ́. Méjèèjì ti lọ. Lọ́jọ́ tí mo tẹ bọ́tìnnì, wọ́n wà níbẹ̀, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, rẹ́kọ́dà kì bá ti gbà á. Dympna kọ́ ló ṣẹ́ wọn. Èmi kọ́.

Ìwọ ni, Mel. O ti gbọ́ ọ. O gbọ́ ibi tí mo ti gé ọ, o gbọ́ ará ilé mi tó ń fa orin rẹ̀ lọ. O mú ọ̀bẹ, o ṣẹ́ eyín rẹ̀ kí ohunkóhun má baà bo bàbá náà mọ́lẹ̀. O dá a padà sáyè rẹ̀, o sì béèrè tíì. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Òótọ́ ni Dympna sọ. Ìwọ lo so wọ́n pọ̀.

Ní ìparí orin tìrẹ, o fa èémí ńlá kan sínú láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti gé ọ. Mo máa ń gbọ́ ọ láràárọ̀ báyìí kí n tó gbé omi tíì kaná. Tẹ́lẹ̀, èémí yẹn ni mo fi ń bú ọ. Ní báyìí, òun ni mo ń dúró dè.

Ọdún méje, Mel. Àárò rẹ ń sọ wá. A fẹ́ràn rẹ síbẹ̀. Máa fín ẹwìrì rẹ níbi tí o wà. Mo ń gbọ́.

Cepta ìyàwó rẹ, àti Dympna.